Ọwọ́ Náà Ń Wò: Iṣẹ́ Ọnà Òṣogbo àti Àwọn tí Kò Ríran

Inú ìtàn ìfọ́jú ni orúkọ oyè tí àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ń pe ọba wọn ti jáde. Bí àwọn àgbà Iléṣà ti ń pa á, nígbà tí ojú Odùduwà fọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, wọ́n dá Ifá, Ifá sì ní àfi kí a bu omi òkun wá, kí a fi ṣe oògùn sí ojú náà. Ọ̀nà òkun jìn, ewu ibẹ̀ kò sì kéré. Àwọn ọmọ yòókù fà sẹ́yìn. Ajíbógun, tí ó jẹ́ àbúrò, ni ó gbéra, tí ó lọ, tí ó sì bọ̀. Ojú bàbá là, orúkọ ọmọ sì di Obòkun, ẹni tí ó bu omi òkun. Títí di òní, Ọwá Obòkun ni ọba Iléṣà ń jẹ́.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá. Ìrìn àjò Ajíbógun pẹ́. Kí ó tó dé, Odùduwà ti pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, ó ti fi adé fún wọn, wọ́n sì ti túká lọ sí ìlú tí wọn yóò jọba lé lórí. Idà ni ó kù tí Ajíbógun gbà. Inú òkùnkùn ni bàbá náà wà nígbà tí ó ń pín ogún. Ta ni ó sọ fún un pé adé nìyí, pé idà nìyí? Ìtàn kò dárúkọ ẹnìkan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ní ṣàìjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ gba adé onílẹ̀kẹ̀ kò nílò kí a là á yé e pé adé ni.

Kì í ṣe gbogbo ojú tí ó fọ́ ni omi òkun ń là. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tí ó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 4 tí a lè pè ní afọ́jú. Àpapọ̀ wọn nígbà náà lé ní mílíọ̀nù kan. Ó lé ní 40 nínú 100 wọn tí ó jẹ́ pé ẹyinjú tí ó di funfun láti inú ni ó fà á, iṣẹ́ abẹ sì lè là wọ́n lójú padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ajíbógun ti òde òní ni wọn yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí gìlákómà bá bà jẹ́ kì í padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi abẹ la ojú gbogbo ẹni tí a bí ní afọ́jú. Àwọn wọ̀nyí ń jẹun pẹ̀lú wa, wọ́n ń jọ́sìn pẹ̀lú wa, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé. Iṣẹ́ ọnà nìkan ni ó dà bí ẹni pé a ti pín, tí a kò sì yọ ìpín tiwọn sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá dábàá pé kí a mú afọ́jú lọ wo ère, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé, kí ni afọ́jú fẹ́ wò níbẹ̀?

Ẹni tí ó bá bi irú ìbéèrè yìí kò fetí sí èdè ẹnu ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé inú ọ̀rọ̀ náà “wò” ni a ti rí “àwòrán”. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ti ń lo “wò” lójoojúmọ́. Ìyàwó ilé bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Aláṣọ ní kí oníbàárà fi ọwọ́ kan aṣọ wò. Ẹni tí ó fẹ́ ra àgbọn gbé e sí etí, ó mì í wò. Onílù fa awọ tán, ó lù ú wò. Ahọ́n ń wò, ọwọ́ ń wò, etí náà ń wò. Ojú kò dá “wò” ní. Bákan náà ni a kì í gbọ́ ohùn nìkan: a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà púpọ̀ pé ohun méjì ni a ń bá pàdé lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọnà wa: ojú ọnà àti ojú inú. Ojú inú ni agbẹ́gilére fi ń rí ère nínú igi kí àáké tó kan igi náà. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ojú inú afọ́jú ti fọ́.

Bí a bá tún wo ìlò tí àwọn baba wa ń lo iṣẹ́ ọnà, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a ṣe fún ọwọ́. Ẹ mú ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a gbẹ́ ère fún un. Ìyá ọmọ kì í gbé ère náà sí orí àjà kí ó máa wò ó láti òkèèrè. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi òróró àti osùn pa á lára, ó ń wọ̀ ọ́ ní aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu, ó sì ń pọ̀n ọ́n jó. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ère ìbejì àtijọ́ ni imú wọn ti jẹ, tí ojú àti ẹnu wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Kì í ṣe ikán ni ó jẹ ẹ́. Ìka ìyá ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò lè ti ibi jíjẹ náà mọ bí a ti tọ́jú ère náà pẹ́ tó. Bí a bá sì wá gbé irú ère bẹ́ẹ̀ lé afọ́jú lọ́wọ́, ohun tí ìyá mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ni òun náà yóò mọ̀, ju ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn dígí lọ.

Aṣọ náà ńkọ́? Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san owó, mọ̀ pé àgbàlagbà kì í ra aṣọ láìfi ìka rẹ́ ẹ. Sányán tí a fi òwú ara kòkòrò hun kò rí bákan náà lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹtù tí a rẹ òwú rẹ̀ sí aró. Àlejò ọlọ́jú méjì lè ṣì wọ́n mú. Bàbá tí ojú rẹ̀ ti di, tí ó ti ń wọ̀ wọ́n láti ìgbà èwe, kò ní ṣì wọ́n mú.

Àrokò pẹ̀lú jẹ́ ìwé ọwọ́. Iye owó ẹyọ tí a sín papọ̀, àti bóyá wọ́n kọjú sí ara wọn tàbí wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn, ni ó ń sọ bóyá ìfẹ́ ni a fi ránṣẹ́ tàbí ìjà. A lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní òru láìtan fìtílà. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà nìyẹn: èso mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìka sì mọ èyí tí ó ṣí àti èyí tí ó dojú dé. Nínú irú ìlà méjì bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí 256 Odù. Ní ọdún 1829 ni Louis Braille, ọ̀dọ́mọkùnrin afọ́jú kan ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé tí ó fi ṣàlàyé lẹ́tà tirẹ̀ jáde. Àmì mẹ́fà tí ó yọ sókè lórí ìwé ni, mẹ́ta ní apá ọ̀tún, mẹ́ta ní apá òsì, nínú èyí tí a ti ń rí oríṣi 63. Òun kò gbọ́ orúkọ Ifá rí, Ifá náà kò sì bí lẹ́tà rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní lẹ́tà Braille lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò sì ní ṣàjèjì sí ọmọ bẹ́ẹ̀.

Níbo wá ni ìlẹ̀kùn ti tì? Ó tì níbi dígí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, ti Jos ní 1952, ti Èkó ní 1957, a gba àṣà àwọn Òyìnbó pé kí a kó iṣẹ́ ọnà sí inú àpótí onídígí, kí a sì kọ “Ẹ má fọwọ́ kàn án” síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ìdí burúkú. Òógùn àti òróró ọwọ́ ń ba irin àti igi jẹ́ díẹ̀díẹ̀, olè sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ère tí ìyá ń wẹ̀ lánàá di ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lónìí, ẹni tí ó sì pàdánù jùlọ ni ẹni tí ó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ni ó kù fún un.

Kí a má sì purọ́ mọ́ àṣà. Àwọn baba wa náà ní “ẹ má fọwọ́ kàn án” tiwọn. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó ń kan ohun ojúbọ. Ti ẹni tí kò ṣe awo, èèwọ̀ ni, ìbáà ríran, ìbáà má ríran. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo afọ́jú ni ìlú fi sí ipò iyì. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ sí ìdí igbá agbe. Níbi orin nìkan ni a ti tètè gbà fún wọn. Benjamin Adérounmú, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò, fi ohùn àti sámbà rẹ̀ gba ọkàn àwọn ènìyàn ní ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di olóògbé ní 2009. Òun ni Cyprian Ekwensi sì wò kọ ìwé The Drummer Boy. Ṣùgbọ́n bí Kòkòrò bá sọ nígbà ayé rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo ère, èèyàn mélòó ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Òṣogbo ni ó yẹ kí ẹ̀rín yìí ti kọ́kọ́ dópin. Àjèjì kọ́ ni Òṣogbo sí Ìjẹ̀ṣà. Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ìtàn sọ pé Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ti ṣí wá sí etí odò Ọ̀ṣun. Igi tí wọ́n gé wó sínú odò, ohùn kan sì dún láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọn kò rí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Etí ni wọ́n fi mọ Ọ̀ṣun. Ìtàn náà sì ni pé nígbà tí Lárọ́òyè bá odò mulẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sí omi, ẹja sì bọ́ sí i lọ́wọ́. A-tẹ́-ọwọ́-gba-ẹja ni a gé kúrú tí ó di Àtáọ́ja.

Nígbà tí iṣẹ́ ọnà tuntun sọ ní Òṣogbo lẹ́yìn 1960, ní àsìkò tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1962, púpọ̀ nínú ohun tí ó jáde jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè kà. Ẹ wo Àṣírù Ọlátúndé (1918–1993). Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, àìlera ni kò jẹ́ kí ó lè bá iṣẹ́ owú líle lọ. Ó wá yà sí orí páànù bàbà àti alumíníọ́mù, ó ń lù ú títí tí àwòrán fi yọ lára rẹ̀: igi tí ẹyẹ kún orí rẹ̀, ẹranko, ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀, àti ìtàn inú Bíbélì. Lára páànù Àṣírù, ojú ríran ń bá ìtànṣán jà nítorí pé irin ń kọ mọ̀nà. Ọwọ́ kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó jọ̀lọ̀ ni ara ẹranko, ibi tí ó rí págunpàgun tí ó kún fún ojú òòlù kéékèèké ni ilẹ̀ tí ẹranko náà dúró lé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ìwé Braille ni Àṣírù ń kọ láìmọ̀.

Jímọ̀ Bùráímọ̀, tí a bí ní 1943, ti ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládípọ̀ kí ó tó di ayàwòrán. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ojú àwòrán, bí a ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ adé. Ìka lè tọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ bí ẹni tí ó ń tọ ipa ọ̀nà oko, títí yóò fi dé ojú, imú àti ẹnu ẹni tí a yà. Àbùkù kan wà níbẹ̀: ọ̀dà tí ó wà láàárín ìlà ìlẹ̀kẹ̀ sí ìlà ìlẹ̀kẹ̀ tẹ́jú, ọwọ́ kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹnu ni yóò parí rẹ̀.

Adébísí Àkànjí ní tirẹ̀, bírìkìlà ni. Sìmẹ́ńtì ni ó fi ń mọ ẹranko àti ènìyàn, ó sì ń fi ṣe ògiri oníhò tí ìtàn kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe sí ilé epo Esso ní Òṣogbo ní àárín àwọn ọdún 1960. Ní etí títì, ní ìta gbangba, láìsí dígí, láìsí owó ìwọlé! Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́ òkúta sí ère olójú ńláńlá tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi sí ènìyàn gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọmọ afọ́jú tí kò tíì kàwé rárá yóò mọ ìyàtọ̀ wọn láàárín ìṣẹ́jú kan: ọ̀kan tutù, ó wúwo, ó sì ṣù, èkejì gbẹ, ó fúyẹ́, ó sì ga.

Àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú Susanne Wenger, obìnrin ọmọ Austria tí Òṣogbo sọ ní Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n jọ tún Igbó Ọ̀ṣun ṣe. Ìjọba fi òfin dáàbò bo ibẹ̀ ní 1965, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005, ọdún mẹ́rin kí Àdùnní tó papò dà. Igbó yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti le jùlọ. Ojúbọ ni, kì í ṣe gbọ̀ngàn ìran. Òjò àti ewédò ti ń bá ère ibẹ̀ jà. Bí ẹgbẹ̀rún ọwọ́ bá tún dà lé wọn, wọn kò ní pẹ́. Ère bíi ti Ìyá Mọ̀pó, òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, sì ga ju ibi tí apá ènìyàn lè dé lọ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Àwọn tí ó mọ sìmẹ́ńtì pò, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà náà, ṣì lè ṣe àwòṣe kékeré ti ère ńlá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọwọ́ méjì lè gbá mú. Kí a gbé e sí ẹnu ọ̀nà igbó, ní ibi tí kì í ṣe ojúbọ. Àwọn olórìṣà ni kí ó sọ èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti ṣe àwòṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni kí ó sì borí. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá mú àlejò wọ inú igbó lọ. Nígbà tí ó bá dúró sí iwájú Ìyá Mọ̀pó gan-an, tí ó ń gbọ́ odò àti igbe ọ̀bọ, tí ó ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù, ìka rẹ̀ yóò ti rántí bí ìyá náà ti rí.

Àwọn ìlú mìíràn ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú. Ilé iṣẹ́ ọnà ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú ní 1966. Ní Ancona, ní Ítálì, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì kò ríran, Aldo Grassini àti Daniela Bottegoni, tí ó ti sú wọn láti máa gbọ́ “ẹ má fọwọ́ kàn án” níbi gbogbo tí wọ́n bá rin ìrìn àjò dé, fi ẹsẹ̀ Museo Omero múlẹ̀ ní 1993. Àwòṣe àwọn ère olókìkí ni wọ́n kó síbẹ̀ fún fífọwọ́kàn, ìjọba Ítálì sì gbà á bí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè ní 1999. Ní Osaka, ní Japan, onímọ̀ afọ́jú kan, Kojiro Hirose, tún tẹ̀ síwájú sí i: ó ní kí olójú náà wá fọwọ́ kàn án, nítorí pé olójú ni kò mọ bí a ti ń fọwọ́ wo nǹkan. Ti Hirose yìí ni ó bá ilẹ̀ wa mu jùlọ. Bí a bá ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún afọ́jú nìkan, a tún ti fi wọ́n sí àdádó nìyẹn.

Òfin tí ó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2019, fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ṣùgbọ́n afọ́jú tí a ṣí ilẹ̀kùn fún, tí ó wọlé tán, tí ó bá dígí pàdé, ibi tí ó wà náà ni ó wà.

Ohun tí kò ní ná ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ní kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu, ibẹ̀ ni a sì ti ń kùnà jùlọ. Ẹni tí ó ń mú àlejò kiri a máa sọ pé, “Ère yìí dára púpọ̀,” yóò sì kọjá. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ó fi ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ṣe àpèjúwe: ara rẹ̀ rí bí ẹ̀yìn ahun, irun rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù, ó ga dé ìgbáròkó àgbàlagbà. Àwọ̀ pàápàá kò kọjá àlàyé. Pupa ń gbóná nínú èrò Yorùbá, funfun tutù, a sì lè gbé aṣọ àdìrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde sí imú ẹni tí kò rí dúdú rí, kí ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Èdè tí ó bí oríkì kò lè sọ pé òun kò ní ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi ṣe àpèjúwe ère.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo kò ní láti dúró de ìjọba. Kí ó mú ère kan, igbá fínfín kan àti ọpọ́n kan wá sí kíláàsì. Kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà lórí tábìlì àti bí ó ti tóbi tó. Kí ó má ṣe di ìka ọmọ náà mú kí ó máa wọ́ ọ kiri. Kí ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ tirẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ ọmọ, kí ó fi sin ín dé ibi ère, kí ó sì yọ ọwọ́ kúrò. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ọmọ náà lò, láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó tó padà sí ibi tí ó bá wù ú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń wò ó. Bí ó bá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bèèrè ọ̀rọ̀.